Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Ayùn Gé Sípíríǹgì Mọ́tò Yín

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti di àríyànjiyàn ní họ́sítẹ̀lì wa láti ìgbà tí a ti wọlé ní sáà yìí. Lẹ́yìn prẹ́ẹ̀pù alẹ́, bí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò ló kù. Àwọn kan ní mọ́tò tó bá ti súnmọ́ ilẹ̀ ló ń sáré jù, òun náà ló sì ń dúró dáadáa ní kọ́nà. Wọ́n ní ṣebí gbogbo mọ́tò asáré tí à ń rí nínú fíìmù, Ferrari o, Porsche o, ikùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ní mọ́tò lásán, tó bá ti ní kí mẹkáníìkì bá òun gé sípíríǹgì rẹ̀, ó ti di mọ́tò asáré nìyẹn.

Èmi ò gbà. Èrò tèmi ni pé gíga mọ́tò kọ́ ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wò tó bá fẹ́ rẹ mọ́tò rẹ̀ wálẹ̀. Ohun tó yẹ kó wò ni àyè tó kù fún táyà láti gòkè nígbà tó bá gun bọ́ǹpù, àti agbára sípíríǹgì tó máa ṣọ́ àyè náà. Ẹni tó bá ra sípíríǹgì tí wọ́n dìídì ṣe fún irú mọ́tò rẹ̀ lè rí ẹwà, kó sì tún rí ìdúró ní kọ́nà. Ẹni tó bá fi ayùn gé èyí tó wà lábẹ́ mọ́tò, ẹwà nìkan ló rà, ìjánu mọ́tò rẹ̀ ló sì fi san owó rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ló kan ẹgbẹ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ sípíríǹgì. Bí ẹ bá jáde ní géètì wa, tí ẹ rìn díẹ̀ nínú Sabon Gari, ẹ ó gbọ́ Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò lábẹ́ mọ́tò kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì pọ̀ lédè wa, ó kàn jẹ́ pé a kì í kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Àlọ́ ìjàpá dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjàpá ò ní sípíríǹgì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́ tí sípíríǹgì ń ṣe, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Sípíríǹgì ló gbé ara mọ́tò dúró lórí táyà. Bí táyà bá gun òkúta, sípíríǹgì á súnkì, táyà á gòkè, ara mọ́tò ò ní mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bí táyà bá wọ kòtò, sípíríǹgì á nà, á ti táyà sísàlẹ̀ kó lè máa tẹ ilẹ̀ lọ. Ìdí tó fi wà níbẹ̀ nìyẹn: kí táyà lè máa tẹ ilẹ̀. Kì í ṣe nítorí kí ìdí má dun ẹni tó jókòó nìkan. Táyà tí kò bá tẹ ilẹ̀ kò lè dá mọ́tò dúró, kò lè yí i, kò sì lè tì í lọ síwájú.

Ṣọ́ọ̀kì ní tirẹ̀ kì í gbé ẹrù mọ́tò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé bí sípíríǹgì bá ti súnkì, tó wá fẹ́ máa jó lọ sókè sódò, kó dì í mú títí á fi jókòó jẹ́ẹ́. Sípíríǹgì dà bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lá súìtì tán, ṣọ́ọ̀kì ni ìyá rẹ̀. Bí ọmọ bá wá lágbára ju ìyá lọ, ẹ̀yin náà mọ bí ilé á ṣe rí.

Ó yá, ẹ tú bírò yín, irú èyí tí à ń tẹ̀ ní ìdí. Ẹ yọ sípíríǹgì kékeré inú rẹ̀, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá gé e sí méjì, kí ẹ tẹ ìlàjì kan. Ẹ ó rí i pé ìlàjì náà le ju odindi lọ. Ó ya ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì wa lẹ́nu, nítorí wọ́n rò pé ohun tí a bá gé, ó yẹ kó rọ̀ ni. Ìdí rẹ̀ ni pé òrùka kọ̀ọ̀kan tí irin náà ká ló ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn ló jọ ń pín iṣẹ́ náà ṣe. Bí òrùka bá ti dín, àwọn tó máa pín iṣẹ́ ti dín nìyẹn, ó di dandan kí ó ṣòroó tẹ̀. Kí ẹ sì jọ̀ọ́, bírò tara yín ni kí ẹ tú o.

Ohun tí àwọn tó ń gé sípíríǹgì fi ń yangàn nìyí. Wọ́n á ní, “Ó ti kúrú, ó tún ti le, kí lẹ tún fẹ́?” Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi nọ́ḿbà wò ó bóyá líle tó wọlé tó àyè tó jáde.

Mo mú nọ́ḿbà tó rọrùn láti ṣírò. Ká ní sípíríǹgì ẹ̀yìn mọ́tò kan ní òrùka 6, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 nígbà tí nǹkan kan ò sí lórí rẹ̀. Ká ní 20 kílò ló lè tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 1. Bí mọ́tò bá gbé 240 kílò lé e, á wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 12, á ku 18. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ká wá ní wọ́n gé òrùka 1 kúrò, ó ku 5. Gígùn rẹ̀ di 25. Líle rẹ̀ kúrò ní 20, ó di 24, nítorí bí a bá fi 5 pín 6, 1.2 la máa rí, 1.2 lọ́nà 20 sì jẹ́ 24. Ẹrù 240 kílò kan náà á wá tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 10, á ku 15. Mọ́tò ti fi sẹ̀ǹtímítà 3 wálẹ̀ nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ló máa rí i pé ó ti wálẹ̀.

Rọ́bà kan wà lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì tó ń dá táyà dúró bó bá ti gòkè jù, kí irin má bàa lọ gbá irin. Ká ní kí wọ́n tó gé sípíríǹgì yẹn, sẹ̀ǹtímítà 7 ló wà kí táyà tó gòkè kan rọ́bà. Ẹrù àfikún tó máa gbé e débẹ̀ jẹ́ 7 lọ́nà 20, ìyẹn 140 kílò. Lẹ́yìn tí wọ́n gé e tán, sẹ̀ǹtímítà 3 ti lọ nínú àyè yẹn, ó ku 4. Bẹ́ẹ̀, 4 lọ́nà 24 jẹ́ 96. Ẹ ò rí nǹkan? Sípíríǹgì ti le sí i lóòótọ́, síbẹ̀ ẹrù tó lè gbà kí ó tó kan rọ́bà ti já láti 140 sí 96. Kí ó tó lè padà gba 140 nínú sẹ̀ǹtímítà 4 péré, líle rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé 35. Ayùn fún wa ní 24. Níbo la ti máa rí 11 tó kù? Ayùn ò lè fún wa, nítorí bí wọ́n bá tún gé òmíràn kúrò, mọ́tò á tún wálẹ̀ sí i, àyè á tún dín sí i. Ṣe ni èèyàn á máa sáré tẹ̀ lé òjìji ara rẹ̀.

Ìdí tí mo fi jókòó ṣe ìṣirò yìí ni pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra Golf 3. Ẹ mọ bí àwọn ará Kano ṣe fẹ́ràn Golf tó. Ó ti bá mẹkáníìkì kan sọ ọ́ pé kó bá òun gé sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ọdún tó dé, kí ó lè gbé e jáde. Mọ́tò yẹn kan náà la fẹ́ gbé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù Disẹ́ḿbà. Màmá mi, èmi àti àbúrò mi obìnrin la máa jókòó lẹ́yìn. Búùtù á sì kún, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe ń ti Kano lọ sílé láìgbé àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti tàtàṣé gbígbẹ dání fún àwọn ẹbí.

Ká ní àwa mẹ́ta àti ẹrù wa fi 80 kílò kún sípíríǹgì ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Sípíríǹgì odindi á fi sẹ̀ǹtímítà 4 wọlé, á ku 3 kí ó tó kan rọ́bà. Èyí tí wọ́n gé á fi 3.3 wọlé. Ó ku mélòó? 0.7. Ìyẹn ò tó sẹ̀ǹtímítà kan! A ò tíì kúrò ní Sabon Gari, a ò tíì rí bọ́ǹpù kankan, a ò tíì débi kòtò, rọ́bà ti fẹ́ kanrí tán. Lórí títì, bí a bá wá gun òkè kékeré kan, sípíríǹgì á kan rọ́bà gbàù, ó sì máa dà bíi pé mọ́tò náà ò ní sípíríǹgì mọ́. Ilẹ̀ á gbá ara mọ́tò sókè, táyà ẹ̀yìn á fo kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀nà tó tọ́ ni, ẹ̀yìn wa ló máa jẹ ìyà. Bó bá jẹ́ kọ́nà ni, tí ẹ̀gbọ́n mi sì ń sáré, ẹ̀yìn mọ́tò lè yọ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ò tíì wa mọ́tò rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa jókòó lórí sípíríǹgì náà.

Ọ̀rọ̀ gáàsì tún wà. Àwọn kan ò tiẹ̀ lo ayùn. Iná gáàsì tí wọ́n fi ń jó irin ni wọ́n á gbé sí i, àwọn mìíràn á kàn yọ́ òrùka méjì títí sípíríǹgì á fi rọ̀, tí mọ́tò á sì jókòó lé e. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́nu àgbẹ̀dẹ rí mọ̀ pé iná ń yí irin padà. Alágbẹ̀dẹ mọ ìgbà tó yẹ kó ti irin pupa bọ omi kó lè le, ó sì mọ̀ pé irin tó bá gbóná tí wọ́n fi sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀ á rọ̀. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n ti fi iná àti ọ́ìlì tọ́ irin sípíríǹgì kí ó lè máa tẹ̀ kó sì máa padà sípò láìmọye ìgbà. Iná gáàsì ba gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn jẹ́. Ibi tí iná dé ò ní rántí bó ṣe yẹ kó padà mọ́, á máa wálẹ̀ lóṣooṣù, ọ̀tún lè wálẹ̀ ju òsì lọ. Ẹnu tí wọ́n gé náà ò sì ní bá ojú ibi tó ń jókòó mu mọ́. Bí táyà bá wọ kòtò tó jìn, sípíríǹgì tó ti kúrú lè yẹ̀ kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ pátápátá.

Àwọn tí à ń jọ jiyàn ní ibi tí wọ́n ti tọ̀nà o, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ Adaidaita Sahu, tí onítọ̀hún sì já kọ́nà lójijì, mọ ohun tí mò ń sọ. Gbogbo ara èèyàn á tẹ̀ sí ìta, táyà tó wà ní inú kọ́nà á fúyẹ́ bíi pé ó fẹ́ gbéra. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò, ó kàn jẹ́ pé mọ́tò fẹ̀ ju Adaidaita lọ, kò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Ìwúwo máa ń kúrò lórí táyà inú lọ sórí táyà ìta. Bí àárín ìwúwo mọ́tò bá ṣe ga tó ni èyí tó ń kúrò ṣe ń pọ̀ tó, táyà méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń di ilẹ̀ mú ju táyà kan tí wọ́n di gbogbo ẹrù lé lórí lọ. Nítorí náà, bí mọ́tò bá wálẹ̀, ó yẹ kó dúró dáadáa sí i.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ká ní àárín ìwúwo mọ́tò kan wà ní sẹ̀ǹtímítà 54 sókè ilẹ̀, tí a sì fi sẹ̀ǹtímítà 3 rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. 3 nínú 54 jẹ́ ìdá kan nínú méjìdínlógún. Bó bá jẹ́ pé 180 kílò ló ń kúrò lórí táyà inú ní kọ́nà kan tẹ́lẹ̀, á wá di 170. Kílò 10 péré! Gbogbo ariwo tí a ń pa nìyẹn. Táyà tuntun tó dára lè ṣe ju ìyẹn lọ fún èèyàn, pàápàá fún ẹni tí táyà rẹ̀ ti pá bí orí bàbá àgbà.

Ohun kejì ṣòro díẹ̀, ẹ fọkàn bá mi lọ. Nígbà tí mọ́tò bá ń fì ní kọ́nà, ó ní ojú ibi kan nísàlẹ̀ tó ń gbà fì, bí ilẹ̀kùn ṣe ń gba ara àgbékọ́ yí. Ẹ fojú inú wo òpó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lójú ibi yẹn, tí àárín ìwúwo mọ́tò sì wà lórí rẹ̀. Bí òpó yẹn bá ṣe gùn tó ni mọ́tò ṣe máa fì tó. Nínú mọ́tò bíi Golf àti Corolla, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì iwájú jọ dúró lóòró, apá irin kan wà nísàlẹ̀ tó di táyà mú. Bí a bá rẹ mọ́tò wálẹ̀, apá yẹn á máa kọjú sókè, ojú ibi tí mọ́tò ń gbà fì á sì wálẹ̀ ju bí ara mọ́tò ṣe wálẹ̀ lọ. Ká ní ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 9 tẹ́lẹ̀, òpó wa jẹ́ 54 yọ 9, ìyẹn 45. Mọ́tò wálẹ̀, ìwúwo di 51, ojú ibi yẹn di 3. Òpó wa ti di 48. A rẹ mọ́tò wálẹ̀, òpó gùn sí i! Èrè tí a rí lára sípíríǹgì tó le díẹ̀, òpó yìí ti bù nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í fi rẹ mọ́tò wálẹ̀ jìnnà láìfi líle tó pọ̀ tó kún sípíríǹgì.

Ẹ wo Golf GTI tí ilé iṣẹ́ Volkswagen gbé jáde ní 1976. Golf ni, àwọn èèyàn sì gbà pé mọ́tò asáré ni. Wọ́n rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ju Golf lásán lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayùn ni wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Wọ́n yí sípíríǹgì, wọ́n yí ṣọ́ọ̀kì, wọ́n fi ọ̀pá irin tó ń dín fífì kù sí i, wọ́n sì fún un ní táyà tó fẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n jọ ṣe pọ̀. Àwọn ará ibí wo gíga rẹ̀ nìkan, wọ́n ní ohun tó mú un sáré nìyẹn.

Ẹ tún wo Lotus ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Elan tí wọ́n gbé jáde ní 1962 jẹ́ mọ́tò asáré tí àwọn èèyàn ṣì ń yìn títí dòní nítorí bó ṣe ń já kọ́nà, bẹ́ẹ̀ sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀. Mọ́tò náà fúyẹ́, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ bá a mu, táyà rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀. Ta ló sọ pé mọ́tò tó ń gbọn eyín èèyàn nìkan ló mọ eré sá?

Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù ni Peugeot 504, nítorí pé ó súnmọ́ wa. Kàdúná níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní 1975. Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n dáadáa. 504 ò fara kanlẹ̀ rárá, ó ga, sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀, àyè tí táyà rẹ̀ ní láti lọ sókè sódò sì pọ̀. Mọ́tò yìí gba ipò kìíní nínú eré ìje Safari ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní 1975, 504 oníhòòrò méjì tún gbà á ní 1978. Ojú ọ̀nà eruku, òkúta àti ẹrẹ̀ ni wọ́n ti sá eré yẹn o. Àwọn mọ́tò tó lágbára wà níbẹ̀. Ní ọ̀nà tí kò dán, ẹni tí táyà rẹ̀ bá tẹ ilẹ̀ pẹ́ jù ló máa débẹ̀, bí ó tilẹ̀ ga bí ràkúnmí.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rẹ mọ́tò wálẹ̀. Mọ́tò tó wálẹ̀ díẹ̀ rẹwà, èmi náà máa ń yí ọrùn wò ó. Bí a bá ń sunkún, a sì máa ń ríran. Sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí wà. Eibach àti H&R ti Jámánì ń ṣe é, àwọn ará Japan náà ń ṣe é. Irin tí wọ́n fi ṣe é lè nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí líle rẹ̀ lè tó àyè tó kúrò. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí i pé òrùka ìhà kan súnmọ́ra ju ti ìhà kejì lọ. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Bí ẹrù bá ti ń pọ̀, àwọn òrùka tó súnmọ́ra á fara kanra, wọ́n á jáwọ́ nínú iṣẹ́, á wá ku àwọn ìyókù. Ẹ rántí bírò yín: bí òrùka tó ń ṣiṣẹ́ bá ti dín, sípíríǹgì á le sí i. Nítorí náà ó rọ̀ nígbà tí mọ́tò ń lọ jẹ́ẹ́, ó sì le nígbà tí ẹrù dé. Ní Jámánì, ẹni tó bá yí sípíríǹgì mọ́tò rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ ní ìwé pé èyí tó fi sí i bá mọ́tò náà mu. Àwọn bíi TÜV ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó gé tirẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ò lè rí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Tí mo bá ní owó tí mo fẹ́ rà á, ohun tí mo máa bi ẹni tó ń tà á nìyí. Irú Golf wo ni wọ́n ṣe é fún, ọdún wo, ẹ́ńjìnnì wo? Ẹ́ńjìnnì díísù wúwo ju ti pẹtiróòlù lọ, sípíríǹgì iwájú wọn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Sẹ̀ǹtímítà mélòó ló máa mú mọ́tò wálẹ̀? Ní Kano níbí, bó bá ti ju 3 lọ, mi ò ní rà á. Àwọn tó ń mú mọ́tò wálẹ̀ ní 5 tàbí 6, ojú títì tó tẹ́jú bí tábìlì ni wọ́n ń rò, wọn ò rò ó mọ́ bọ́ǹpù tí àwọn èèyàn fi ọwọ́ ara wọn mọ síwájú ilé. Mo máa ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, mi ò ní fi tuntun síwájú kí n fi ògbólógbòó sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, mo máa wo ẹnu irin náà lókè àti nísàlẹ̀. Ẹnu tó ní ojú ayùn, wọ́n ti gé e rí, kódà kí wọ́n kun ún ní pupa rírẹ́rẹ́. Mo máa wá nọ́ḿbà tó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́? Bí ti àtijọ́ bá ti ń jo ọ́ìlì, kí èèyàn má dá sípíríǹgì líle sí i rárá. Ìyá tó rẹ̀ ò lè di ọmọ alágídí mú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi gbogbo rẹ̀ sí i, kí wọ́n lọ ṣe aláìǹmẹ́ǹtì, nítorí bí mọ́tò bá wálẹ̀, táyà kì í dúró ṣánṣán mọ́, ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ á kọ́kọ́ jẹ tán. Ẹni tó ń wò ó láti ìta ò ní rí i, títí wáyà inú táyà á fi yọ. Kí wọ́n tún iná iwájú tò pẹ̀lú.

Àwọn tó ń kì rọ́bà sáàárín òrùka sípíríǹgì kí mọ́tò lè ga, ọ̀rọ̀ tiwọn náà fara jọ èyí, nítorí rọ́bà yẹn ń dá òrùka dúró láti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ ó ní owó sípíríǹgì gidi pọ̀, ayùn ò sì tó nǹkan. Mo gbà. Ẹni tí owó rẹ̀ ò bá tó, kó fi gíga mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kó fi ìwọ̀nba tó ní ra ṣọ́ọ̀kì tuntun àti táyà tó dára. Mọ́tò bẹ́ẹ̀ lè má jẹ́ kí àwọn èèyàn yí ọrùn, ṣùgbọ́n ní kọ́nà, mo gbà pé á dúró ju èyí tí wọ́n gé lọ. Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn lórí fóònù màmá mi, ó ní òun á rò ó wò.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ àyè tó kù lábẹ́ mọ́tò tirẹ̀ kò nílò owó kankan. Kó ká ike tó bo ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì sókè, kó so rọ́bà owó tín-ín-rín mọ́ ọ̀pá náà nísàlẹ̀ pátápátá, kí rọ́bà náà fún mọ́ ọn dáadáa. Kó wá di èèyàn àti ẹrù sínú mọ́tò bó ṣe máa ń dì í, kó wà á yípo àdúgbò, kó gun bọ́ǹpù méjì mẹ́ta. Tó bá padà dé, ṣọ́ọ̀kì á ti ti rọ́bà náà lọ sókè. Kó fi rúlà wọn ibi tí rọ́bà dúró sí títí dé ibi rọ́bà ńlá tó ń dá táyà dúró. Iye sẹ̀ǹtímítà tó bá rí ni gbogbo àyè tó kù fún un. Bó bá wọ̀n ọ́n tó rí 2, tó sì fẹ́ gé 3 kúrò, kó yọ ọ́ fúnra rẹ̀ kó sọ iye tó kù fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà kí n ṣe é fún òun lọ́jọ́ visiting day, mo ti tọ́jú rọ́bà owó méjì sínú lọ́kà mi.